Òkè Leggett ní etí òkun Kalifọ́níà: ìmọ̀ràn fún ẹni tí yóò fi kẹ̀kẹ́ gùn ún pẹ̀lú ẹrù

Ará Houston:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Nínú oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gba etí òkun Pàsífíìkì láti Eureka dé San Francisco, èmi nìkan, pẹ̀lú àgọ́, ẹní ìsùn àti ìkòkò kékeré tí n ó máa fi dáná. Mo ti wo gbogbo ọ̀nà náà lórí máàpù, kò sì sí èyí tó ń bà mí lẹ́rù tó ọjọ́ tí n ó kúrò ní Leggett lọ sí Fort Bragg. Wọ́n ní ibẹ̀ ni òpin Highway 1 ní ìhà àríwá, àti pé kí títì náà tó fojú kan òkun, yóò gun òkè kan tí orí rẹ̀ ga tó nǹkan bíi 600 mítà, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò sì tún gun òmíràn. Houston ni mo ń gbé, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé afárá ojú títì ni òkè tí mo mọ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, irin ni kẹ̀kẹ́ mi, ẹrù mi yóò sì tó kílò 20. Ṣé ẹni bíi tèmi lè gun òkè yìí láìbọ́ sílẹ̀? Kí ni kí n ṣe sí kẹ̀kẹ́ àti sí ara mi kí oṣù náà tó dé? Níbo ni kí n sì sùn ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà àti ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an? Ẹ má bínú pé ìbéèrè mi pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Oakland:
Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Níwọ̀n bí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ jẹ́ kí n pè yín ní àbúrò. Ìdí tí títì náà fi rí bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Láti apá Leggett sókè títí lọ sí itòsí Ferndale, òkè ló sọ sínú òkun láìfi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà, àwọn tó ń la títì fi etí omi sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gba inú ilẹ̀ lọ. Lost Coast ni wọ́n ń pe apá náà títí di òní. King Peak tí ó wà níbẹ̀ ga ju 1,200 mítà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí omi ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Eureka yóò ti gba inú igbó igi redwood ní Avenue of the Giants, yóò ti kọjá ní Garberville, yóò sì ti pẹ́ tó ti rí òkun kẹ́yìn, kí ó tó dé Leggett tí yóò ti yà kúrò lórí títì 101. Òkè tí ẹ ń bẹ̀rù yìí ni owó ibodè tí Highway 1 ń gbà kí ó tó jẹ́ kí ẹ padà rí omi.

Ní ti bí ọ̀nà ṣe rí: Leggett fúnra rẹ̀ ti ga tó nǹkan bíi 300 mítà. Títì náà yóò kọ́kọ́ ré wálẹ̀ sí odò South Fork Eel, yóò ré e kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú igbó, kọ́nà lórí kọ́nà, fún nǹkan bíi kìlómítà 6. Kò sí ibi tí ó ti dúró ṣánṣán bí ògiri. Ìdá 5 tàbí 6 nínú 100 ni dídagun rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ni pé nínú gbogbo 100 mítà tí ẹ bá rìn, ẹ ó gòkè ní mítà 5 tàbí 6, kì í sì í yí padà lójijì. Ohun tí ó ń mú kí ó le ni pé kò ní ibi ìsinmi, àwọn igi sì bo ojú ọ̀nà débi pé ẹ kò ní mọ ibi tí ẹ dé, ìgbà gbogbo ni yóò sì dà bíi pé kọ́nà tó kàn ni orí òkè. Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń ka ìrìn sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ yí ẹ̀rù yín padà sí ibòmíràn. Òkè àkọ́kọ́, òwúrọ̀ ni ẹ ó gùn ún, ara yín á ṣì le, gbogbo ènìyàn á sì ti kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀. Ohun tí ó máa ń dá ènìyàn dúró ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ìsọ̀kalẹ̀ kan tí ó lé ní kìlómítà 10 wà níbẹ̀, tí ó kún fún kọ́nà híhá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Rockport, níbi tí òkè kejì ti bẹ̀rẹ̀. Òkè kejì yìí kò ga tó ti àkọ́kọ́, nǹkan bíi 200 mítà péré ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó ti tutù lórí ìsọ̀kalẹ̀ ni ẹ ó fi gùn ún, ní ọ̀sán gangan. Tí ẹ bá sì ti rí òkun, ẹ má rò pé ó ti parí: láti ibẹ̀ dé Westport, gbogbo ibi tí odò kékeré bá ti wọ òkun ni títì ti ń ré wálẹ̀ tí ó sì ń gòkè padà, ní Juan Creek, ní Howard Creek, ní DeHaven Creek, ní Wages Creek. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ga. Wọ́n kàn pọ̀ ni, agbára tí ẹ bá ṣì ní lọ́wọ́ ni wọ́n sì ń bù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí máàpù fóònù: bí ẹ bá ní kí ó fi ọ̀nà tó sún mọ́ etí òkun jù hàn yín, ó lè darí yín sí Usal Road. Ẹ má gbà á. Ọ̀nà eléruku tó dagun gidigidi ni, inú igbó Sinkyone ni ó gbà, kò sì sí ohun tí kẹ̀kẹ́ tí a di ẹrù rù ń wá níbẹ̀.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ìbéèrè nípa kẹ̀kẹ́ ni èmi yóò dáhùn, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹ ka iye eyín tó wà lára irin eléyín tó kéré jù lọ níwájú, níbi tí pẹ́dà ti ń yí, kí ẹ sì ka ti èyí tó tóbi jù lọ lẹ́yìn. Tí iwájú bá jẹ́ 34, tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 28, bí ó ti máa ń rí lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún eré sísá, ìyípo pẹ́dà kan yóò gbé yín lọ ní nǹkan bíi mítà 2.5. Kí ẹsẹ̀ tó lè máa yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ní láti máa sá eré kìlómítà 9 ní wákàtí. Ẹ wá wò ó: ẹ̀yin, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù pa pọ̀, ẹ jẹ́ ká ní kílò 110. Láti gbé ìwọ̀n yẹn gun òkè ìdá 6 nínú 100 ní eré bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ yín yóò máa pèsè agbára tó lé ní 160 wáàtì láìsinmi, yàtọ̀ sí èyí tí táyà àti afẹ́fẹ́ yóò gbà. Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá dáadáa lè ṣe é. Ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan tí ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò ṣe é fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni orúnkún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Tí iwájú bá wá jẹ́ 26, tí ẹ̀yìn jẹ́ 36, ìyípo kan kò ju mítà 1.5 lọ, eré yín yóò sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi kìlómítà 5.5 ní wákàtí, pẹ̀lú agbára tí kò tó 100 wáàtì. Ẹsẹ̀ kan náà ni, òkè kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, ẹ lọ bá oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kí ó bá yín fi irin eléyín tó tóbi sí ẹ̀yìn, kí ó sì wo ẹ̀rọ tó ń gbé ṣéènì láti orí jíà kan sí òmíràn bóyá ó lè gbà á, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló lè gba 36. Kí ẹ ṣe é ní oṣù kan ṣáájú ìrìn-àjò, kí wáyà tuntun lè nà tán kí a sì tún un fà.

Ẹnìkan yóò sọ fún yín pé kí ẹ gé ẹrù kù. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gbígbé kílò 110 sókè fún 300 mítà pẹ̀lú agbára 100 wáàtì yóò gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú 54. Tí ẹ bá yọ kílò 5 kúrò, ẹ ó jèrè ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Èmi kò ní ju ìkòkò tí mo fi ń se oúnjẹ nù nítorí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Jíà ni kí ẹ náwó lé.

Ní ti bíréèkì, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Agbára tí ẹ fi gun òkè kò sọnù, ó ń dúró dè yín lórí rẹ̀, ó sì ní láti jáde bí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀, yálà sínú afẹ́fẹ́ tàbí sínú bíréèkì. Ẹni tó bá di bíréèkì mú díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ń dáná sí i ni: tí bíréèkì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń fún ríìmù, ríìmù lè gbóná débi pé túùbù yóò bẹ́ nínú táyà. Ẹ jókòó nàró kí afẹ́fẹ́ lè bá yín dín eré kù, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì gidi kí ẹ tó wọ kọ́nà, ẹ tú u sílẹ̀ nínú kọ́nà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù ní ibi tó bá gún. Tí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ dúró níbi tí àyè bá wà. Bíréèkì tí páàdì rẹ̀ ti jẹ ju ìdajì lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Houston, kí ẹ sì mú òmíràn dání, nítorí pé láàárín Leggett àti Fort Bragg kò sí ibi tí ẹ ó ti rí i rà.

Nọ́ọ̀sì Sacramento:
Ẹ kú ọgbọ́n gbogbo yín. Èmi náà ń gun kẹ̀kẹ́, mo sì fẹ́ fi ti ara kún un. Ilẹ̀ Houston tẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ní ohun méjì tó lè rọ́pò òkè: afẹ́fẹ́ àti ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀. Ẹ di ẹrù yín rù gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti dì í gan-an, kí ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́ fún wákàtí kan láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí pé ohun tí òkè Leggett yóò bèèrè lọ́wọ́ yín ni iṣẹ́ tó ń bá a lọ láìdáwọ́ dúró fún bíi wákàtí kan. Ilé ìgbọ́kọ̀sí wà fún kíkọ́ bí a ti ń lo jíà tó fúyẹ́ jù nígbà tí eré kò ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, kí kẹ̀kẹ́ má máa ṣe gọ́tagọ̀ta. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ sì lọ ní ọjọ́ ìsinmi.

Oúnjẹ: ẹ má dúró kí ebi pa yín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ nílò oúnjẹ afáralókun bíi gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ó mọ níwọ̀n ní nǹkan bíi gíráàmù 27. Gàrí gíráàmù 100 ní ju 80 lọ, kò wúwo, kò ń fẹ́ iná, ó sì ń gba omi tútù, mo sì máa ń yà á lẹ́nu àwọn òyìnbó tí a jọ ń pàgọ́ nígbà tí mo bá rẹ tèmi nígbà tí wọ́n ṣì ń tan sítóòfù. Ìpékeré dára lójú ọ̀nà nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Kúlíkúlí, ẹ fi í sílẹ̀ di alẹ́: òróró àti èròjà amúaradàgbà pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí ó tó dà nínú, kò sì yẹ kí ó wà nínú ikùn yín nígbà tí ẹ bá ń gun òkè.

Omi: Leggett máa ń gbóná ní oṣù kẹsàn-án, nítorí pé ó wà lẹ́yìn òkè tí atẹ́gùn òkun kò dé, nígbà tí etí omi lè tutù kí kùrukùru sì bò ó ní ọjọ́ kan náà. Ẹ gbé omi lítà mẹ́ta kúrò ní ibùdó. Nígbà tí ẹ bá dé orí òkè, àagùn yóò ti rin aṣọ yín, ìsọ̀kalẹ̀ gígùn sì ń dúró dè yín nínú òjìji igi. Ẹ pààrọ̀ èwù inú níbẹ̀, kí ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn kì í wọ̀ kí ẹ tó gbéra, nítorí pé ọwọ́ tó bá ti kú fún òtútù kò lè tẹ bíréèkì dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta: bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá irú èyí tó ń mú ènìyàn tọ̀, ẹ lọ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ líle nínú oòrùn kí ẹ tó lọ. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí ó ń fún yín mọ́ra, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ẹ má ṣe sọ fún ara yín pé òkè ló fà á. Ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dá ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kọjá dúró, nítorí pé fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú igbó yẹn.

Ará Houston:
Mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ti lọ ka eyín: 34 níwájú, 28 lẹ́yìn, gẹ́lẹ́ bí Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti sọ. Mo lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, n ó rí dókítà. Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní, ṣé ìtìjú wà nínú kí ènìyàn bọ́ sílẹ̀ kí ó máa fẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ gun òkè? Èkejì, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ agbégi lójú ọ̀nà náà, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá, torí ẹni tó dàgbà ní ẹ̀bá títì Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó mọ ohun tí agbégilódò lè ṣe.

Awakọ̀ Tírélà:
Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi kì í gun kẹ̀kẹ́, ìyàwó mi ló fi ìjíròrò yìí hàn mí, ṣùgbọ́n mo ti wa ọkọ̀ ńlá ní àríwá Kalifọ́níà, mo sì lè sọ ohun tí a máa ń rí láti orí ìjókòó wa. Ọkọ̀ agbégi ti ibẹ̀ kò rí bíi ti ilé. Wọ́n ń yẹ bíréèkì wọn wò, wọ́n sì ń so igi wọn dáadáa. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé títì náà há, ọ̀nà kan lọ, ọ̀nà kan bọ̀, kò sì sí etí títì tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lè yà sí ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọkọ̀ tó ru igi kò lè dúró kíákíá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń gé kọ́nà sí inú ju orí rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé bí orí ọkọ̀ bá ti yà yín sílẹ̀ dáadáa nínú kọ́nà tó lọ sí ọ̀tún, ẹ má rò pé ẹ̀yìn rẹ̀ náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a kì í ti rí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni inú kọ́nà ọ̀tún, nígbà tí ó bá lẹ̀ mọ́ etí inú lọ́hùn-ún. Ẹ jáde díẹ̀ sí ojú títì kí ẹ tó wọ irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tètè rí yín, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí etí níbi tí ọ̀nà bá ti là. Ẹ má dúró sinmi nínú kọ́nà láé. Ẹ tan iná pupa ẹ̀yìn ní ọ̀sán gangan, nítorí pé òjìji àti ìtànṣán oòrùn ń dà pọ̀ lábẹ́ igi redwood, ojú awakọ̀ kì í sì í tètè bá a mu. Ẹ fi dígí kékeré sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ ńlá nínú dígí, tí ẹ sì ń gbọ́ òmíràn níwájú, ẹ kúrò lórí títì pátápátá, nítorí pé àwọn méjèèjì kò lè fi àyè sílẹ̀ fún yín. Òfin Kalifọ́níà ní kí ọkọ̀ fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán sílẹ̀ bí ó bá ń kọjá ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ní kí ẹni tó ń rọra lọ lórí ọ̀nà híhá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ó bá bọ́ sí i, tí ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa yà kí wọ́n tó pé márùn-ún. Awakọ̀ tí ẹ bá yà fún yóò juwọ́ sí yín, ẹ ó sì ti rí ìsinmi gbà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn agbégi kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sínú rẹ̀ ló máa ń pọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ẹni tó yá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, tí kò mọ bí ọkọ̀ náà ti fẹ̀ tó, bà mí lẹ́rù ju agbégi lọ.

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́:
Ní ti ìtìjú, àbúrò, ta ló ń wò yín nínú igbó? Èmi máa ń tì í níbi tó bá wù mí. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ń lọ ní kìlómítà 4 ní wákàtí, ẹni tó ń gùn ún pẹ̀lú jíà tí Atúnkẹ̀kẹ́ṣe júwe ń lọ ní 5.5. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ ba orúnkún jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tì í, ẹ ṣe é kí ẹsẹ̀ tó kú, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí iṣan mìíràn lè ṣiṣẹ́ kí àwọn ti tẹ́lẹ̀ sì sinmi, kí ẹ sì wọ bàtà tó ṣeé rìn, kì í ṣe irú èyí tí irin wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń yọ̀ lórí ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni mo fẹ́ gbà sọ jù, nítorí pé òun ni ó ń pinnu bí ọjọ́ náà yóò ti rí. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ sùn sí Standish-Hickey, ọgbà ìpínlẹ̀ tó wà lórí títì 101 ní ìwọ̀nba díẹ̀ sí àríwá Leggett. Odò South Fork Eel gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ lè wẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ooru bá mú. Ọ̀pọ̀ ọgbà ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó fẹsẹ̀ rìn tàbí tó gun kẹ̀kẹ́ dé, owó rẹ̀ kò pọ̀ rárá, a kì í sì í gbà á sílẹ̀ ṣáájú. Oúnjẹ ni kí ẹ rà ní Garberville kí ẹ tó débẹ̀, tó ọjọ́ méjì, torí pé ohun tí ẹ ó rí ní Leggett kò tó nǹkan, ìsọ̀ kékeré tó wà ní Westport sì lè ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Oakland àti gbogbo ènìyàn yóò ní kí ẹ dé Fort Bragg ní ọjọ́ náà. Kìlómítà bíi 70 ni láti Leggett, ó sì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi ní láti ṣe é? Ọgbà ìpínlẹ̀ mìíràn, Westport-Union Landing, wà kí ẹ tó wọ Westport, lórí ilẹ̀ gíga tó kọjú sí òkun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gun òkè méjèèjì tán. Kò sí ilé ìwẹ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn sì lè gbé àgọ́, nítorí náà ẹ fi èèkàn gidi kàn án mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀, ẹ ó ti fi kìlómítà tó lé ní 25 pamọ́ di ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹsẹ̀ yóò ti sinmi.

Ẹ̀gbọ́n Oakland:
Ìyá wa, mo gbà pẹ̀lú yín lórí gbogbo rẹ̀ àfi ìyẹn. Ẹni tó ti làágùn láti òwúrọ̀, tí iyọ̀ ti gbẹ mọ́ lára, nílò omi gbígbóná ní alẹ́, MacKerricher, ọgbà ìpínlẹ̀ tó wà ní kìlómítà díẹ̀ kí a tó wọ Fort Bragg, sì ní in. Láti Westport lọ, atẹ́gùn ìwọ̀-oòrùn àríwá tó máa ń fẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò máa tì yín lẹ́yìn. Ìdí náà nìyí tí gbogbo ènìyàn fi ń gun ọ̀nà yìí láti àríwá sí gúúsù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ó sì gba ọ̀nà agbégi àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, ní etí òkun, lórí afárá onígi Pudding Creek, wọ inú Fort Bragg láìbá ọkọ̀ kankan pàdé.

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́:
Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ni o. Èmi ti rí ọjọ́ tí kùrukùru bo ibẹ̀ tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ rárá, tí ẹni tó ń bọ̀ kò rí ìlà funfun títì. Kí àbúrò wa ṣe ìpinnu rẹ̀ nígbà tó bá dé Westport-Union Landing: bí ó bá débẹ̀ kí aago mẹ́ta tó lù, tí ojú ọ̀nà sì mọ́, kí ó máa lọ. Bí ó bá ti kọjá aago mẹ́rin, kí ó pàgọ́.

Ẹ̀gbọ́n Oakland:
Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ kí ó lè débẹ̀ ní aago mẹ́ta, ó ní láti kúrò ní Standish-Hickey ní aago méje àárọ̀, nígbà tí òkè àkọ́kọ́ ṣì tutù.

Ará Houston:
Ẹ ṣé o. Mo ti ra irin eléyín tuntun, oníṣẹ́ sì ní òun yóò pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé ṣéènì pẹ̀lú nítorí pé ti àtẹ̀yìnwá kò lè gba 36. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ gàrí yẹn: ṣé n kò ní fi pe ẹranko wá sínú àgọ́?

Nọ́ọ̀sì Sacramento:
Ẹ ó fi pè wọ́n wá tí ẹ bá gbé e sùn. Ẹranko raccoon gbọ́n, ọwọ́ rẹ̀ mọ bí a ti ń ṣí sípù àpò, béárì dúdú náà sì wà ní agbègbè yẹn. Àpótí oníirin tí a ń ti oúnjẹ mọ́ wà ní ibùdó àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọgbà. Ẹ kó gàrí, ìpékeré, ọṣẹ ìfọyín àti ohunkóhun tó bá ní òórùn sínú rẹ̀, títí kan agolo wàrà tí ẹ ti mu tán. Níbi tí kò bá sí àpótí, ẹ bá àwọn tó gbé ọkọ̀ wá sọ̀rọ̀ kí wọ́n bá yín tì í mọ́ inú ọkọ̀ wọn di òwúrọ̀. Wọn kì í kọ̀, pàápàá tí ẹ bá bu ìpékeré díẹ̀ fún wọn.